Ẹ̀yìn Ni Ìgbì Gbà Wá

Ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Ìrìn-àjò inú ewu ni kókó ìdíje náà:
kí o mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ géèmù,
kí o fi gbẹ́ ayé kan,
kí kámẹ́rà tí kò sí níbì kankan
tọ ẹnì kan lẹ́yìn wọ inú rẹ̀.
Ẹ̀bùn ibẹ̀: káàdì àwòrán tuntun fún kọ̀ǹpútà,
àti itan àgùntàn gbígbẹ kan láti ọ̀dọ̀ Hanus alápatà.

Èmi ni mo ń tọ́jú gbọ̀ngán ilé ìkàwé ní Klaksvík.
Èmi ni mo ń to àga, èmi ni mo ń ka ìbò.
Ẹ gbà mí gbọ́ nípa àga, ẹ gbà mí gbọ́ nípa ìbò;
ní ti ìyókù, ojú lásán ni mo fi wò ó.

Rannvá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
kò gbẹ́ dírágónì, kò gbẹ́ ihò tó kún fún wúrà.
Ọkọ̀ baba ìyá rẹ̀ ló gbẹ́,
pákó kọ̀ọ̀kan, ìṣó kọ̀ọ̀kan,
títí dé ibi tí ọ̀dà ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọkọ̀.
Òkun nìkan ló kọ̀ fún un.
Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó dà bí aṣọ tí wọ́n sá sínú afẹ́fẹ́.
Ó tún un ṣe, ó dà bí ọbẹ̀ tó ń hó.
Kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ lóru,
ìṣẹ́jú mọ́kànlá lórí àwòrán ẹyọ kan,
ìyá rẹ̀ ń kígbe owó iná láti yàrá kejì.

Zakaris, baba àgbà, wá mu kọfí lówùúrọ̀ Sátidé.
Ó dúró lẹ́yìn àga ọmọ náà. Ó wò ó.
Ẹni tí òkun ti gba ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀
kì í kánjú sọ̀rọ̀.
“Ta ló ń wo ìgbì yẹn?”
“Kámẹ́rà ni.”
“Kámẹ́rà kì í rì.
Iwájú lo gbé ìgbì sí, kó lè dùn ún wò.
Èyí tó dé bá mi, ẹ̀yìn ló gbà.
N ò rí i. Etí mi ló kọ́kọ́ mọ̀:
gbogbo nǹkan dákẹ́,
bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ sín.”
Ó gbé ife kalẹ̀, ó lọ fún àgùntàn lóúnjẹ.

Wọ́n ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.
Èyí tí kò hó ńkọ́?

Rannvá pa iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án rẹ́.

Òjò rọ̀ lálẹ́ ìdíje. Ogójì èèyàn, àga mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Jagunjagun Bjarki sáré lórí yìnyín, iná ń lé e;
idà rẹ̀ la itan òun fúnra rẹ̀ kọjá, a ṣe bí ẹni tí kò rí i.
Àwọn ìbejì láti Fuglafjørður mú ihò kan wá
tó ń gbé àgùntàn mì. A rẹ́rìn-ín títí.
Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan nínú ọkọ̀,
ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń jẹ búrẹ́dì.
Ó ń jẹ búrẹ́dì.
Kámẹ́rà jókòó bí èrò kejì.
Ẹyẹ dákẹ́. Omi dákẹ́.
Búrẹ́dì dúró lágbedeméjì ọwọ́ àti ẹnu.
Òkùnkùn.

Ẹnì kan ní, “Ṣé ẹ̀rọ ti kú ni?”
Èmi gan-an tẹ̀ba, mo yẹ wáyà wò.

Bjarki, mọ́kàndínlógún. Àwọn ìbejì, méjìlá.
Rannvá, méje. Ìwé kan wà tí wọn kò kọ nǹkan sí.
Ìkan tó kù wà lápò kóòtù mi títí di òní.

Mo to àga. Mo ti ilẹ̀kùn.
Ní etí èbúté, afẹ́fẹ́ dá wẹ́lo,
okùn ọkọ̀ kò dún mọ́,
mo sì bojú wẹ̀yìn.